Béárì Tó Kọ Bàtà

Gbogbo ohun tí mo kà ní yunifásítì, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ mi bí a ṣe ń lẹ òwú mọ́ páálí. Oṣù kẹta tí mo dé ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Òkìtìpupa ni Mọ́mì, obìnrin tó ni ilé-ìwé náà, gbé àwòrán kan tó rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wá bá mi.

"Àǹtí, Ọ̀sẹ̀ Wíńtà la fẹ́ ṣe. Àwọn òbí ń bọ̀ ní Fúráìdè."

Mọ́mì ti lo ọjọ́ mẹ́wàá ní Lọ́ńdọ̀nù rí. Láti ìgbà náà ni oòrùn Òkìtìpupa ti ń yà á lẹ́nu.

"Tí Fúráìdè bá dára, wàá gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ. Tí kò bá dára, Ìkọ̀yà ìlú rẹ ò jìnnà, ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀ tó o lè máa bó."

Ìyá mi sì ti sọ fún gbogbo Ìkọ̀yà pé ọmọ òun ti di olùkọ́.

Béárì funfun la fẹ́ ṣe, ẹranko ńlá tó ń gbé níbi tí ilẹ̀ ti di yìnyín. A ó gé e nínú páálí, a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ òwú mọ́ ọn lára. Nínú àwòrán Mọ́mì, béárì wọ bàtà òjò dúdú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ogún ọmọ ni mo ní. Mo gé bàtà títí ìka mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ọmọ kan bi mí pé, "Àǹtí, ṣé inú fíríìsà ló ń gbé ni?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fíríìsà tiẹ̀ kì í retí iná."

Gọ́ọ̀mù ò mọ béárì yàtọ̀ sí ọmọ. Kí á tó parí, ọmọ mẹ́ta ti hu irùngbọ̀n funfun.

Ní Fúráìdè, mo jáde lọ kí àwọn òbí káàbọ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, gbogbo bàtà béárì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tò ó ní méjì-méjì.

"Ta ló bọ́ bàtà béárì?"

Ìmísí, ọmọ ọdún mẹ́rin, dìde. "Èmi ni, Àǹtí. Ṣé ẹ ò rí i pé sùtánà ló wọ̀ ni? Ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà."

Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ nílé wọn. Mo wo àwọn tó kù. Ọmọ Mùsùlùmí wà ńbẹ̀, ọmọ ìjọ mìíràn wà ńbẹ̀. Gbogbo wọn ń mi orí bí ìgbìmọ̀ àgbà ìjọ.

Mọ́mì kó àwọn òbí wọlé. Ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ń fi eyín sọ̀rọ̀ sí mi: "Lẹ̀ ẹ́ padà. Kíá!"

Mo mú gọ́ọ̀mù. Omi lé ròrò sí Ìmísí lójú.

"Àǹtí, ẹ̀ṣẹ̀ ni o."

Mo rántí lẹ́tà. Mo rántí ìyá mi. Mo gbé gọ́ọ̀mù sílẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ má bínú, mi ò ní lẹ̀ ẹ́. Béárì gidi kì í wọ bàtà. Àwòrán yẹn ló parọ́."

Bàbá kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì tún táì rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́. "Ní ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì," ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣàlàyé àtẹ́lẹsẹ̀ béárì títí ọmọ méjì fi sùn. Kò sẹ́ni tó yé, nítorí náà gbogbo wa gbà pé òótọ́ ni.

Mọ́mì ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. "Ẹ ṣé, Dókítà. Bá a ṣe ń kọ́ wọn níbí nìyẹn!"

Ní Mọ́ńdè, mo gba lẹ́tà mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mi jinlẹ̀. Èmi tí mo ka ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà la bẹ̀rẹ̀ pẹ́ńgúínì, ẹyẹ tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, tí àyà rẹ̀ funfun. Ìmísí yí tirẹ̀ síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Àǹtí, ìjọ wo lèyí ń lọ?"

Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo fa àga sún mọ́ ọn.

"Ìwọ lo máa sọ fún mi."