Aago Tí Kò Bẹ̀rù Àlùwàlá

Nígbà tí Bàrákàt pa iṣẹ́ aránṣọ tì, tó ṣí ìsọ̀ aago ọwọ́ tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ sí àdúgbò Ìlàré, Láoyè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ búra pé yóò padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ láìpẹ́. Ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́ ṣẹ, nítorí àwọn aago rẹ̀ tó ń dán gbinrin kò tà.

Àfi bí Alhaji Abdulwahab, ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tó rà á, ṣe dá tirẹ̀ padà.

“Bàrákàt, aago yìí ń ka ìṣísẹ̀ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù omi bí ológbò! Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ ṣe àlùwàlá ni mo ń bọ́ ọ, ẹ̀bá ẹ̀rọ omi mọ́ṣáláṣí ni mo sì ń gbàgbé rẹ̀ sí.”

Bàrákàt rẹ́rìn-ín. Ó mú aago dúdú kan tí kò lẹ́wà, ó jù ú sínú abọ́ omi níwájú ìsọ̀.

“Èyí mọ̀ ọ́n wẹ̀, bàbá.”

Àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ dúró wòran. Ẹwà ní í pe oníbàárà, ìwúlò ní í mú un sanwó: kí oòrùn tó wọ̀, aago dúdú ti tán, ó ku ti inú abọ́.

Ìyẹn, tí Bàrákàt ti so pọ̀ mọ́ fóònù rẹ̀, gbọ̀n rìrì, orúkọ Láoyè sì tàn nísàlẹ̀ omi. Bàrákàt gbé fóònù.

“Àbúrò mi, wọ́n ní aago kan ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Bá mi fi ọ̀kan pamọ́ o.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ ìránṣọ ló kù nílé. Ṣé kí n fi ìyẹn pamọ́ fún yín?”