Àmì Tìróò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Peckham nílùú ọba níbí, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni àwọn òbí mi fi mí sí nígbà tí wọ́n padà sí Nàìjíríà. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá wọ́n tọ́jú mi. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mo sì ń gba ìgbátí.

Lọ́jọ́ kan, a ra ẹja ní Rye Lane. Lára ìwé ìròyìn tí wọ́n fi dì í ni mo ti rí àwòrán òṣèré sinimá kan, òyìnbó obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ti kú. Ó ń rẹ́rìn-ín, àmì dúdú kan sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìwé náà sọ pé òun náà kò gbé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ilé onílé ni wọ́n ń gbé e kiri. Kódà orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, àwọn onísinimá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo sunkún. Mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, tòun ti òórùn ẹja. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo fi tìróò Àǹtí ya àmì kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi náà.

Mi ò mọ̀ pé àwọn ìyá alásàlátù ń bọ̀ nílé wa. Iwájú wọn ni Àǹtí ti fi kànrìnkàn ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀, tí Àǹtí sì fa àwòrán òṣèré mi ya.

"Nínú ilé tèmi! Ojú aṣẹ́wó kankan ò ní wà lára ògiri mi!"

Àwọn ìyá yẹn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn dùn mí ju kànrìnkàn lọ. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi: àpá náà dúdú títí dòní, ibi tí àmì òṣèré náà wà gẹ́lẹ́ lòun náà wà. Àǹtí fúnra wọn ló fún mi.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Lónìí, ọmọbìnrin á lẹ ìpéǹpéjú tó rí bí ìgbálẹ̀ jáde sí Rye Lane, ìyá rẹ̀ á ní, "Babes, o fine gan o!" Inú mi ń dùn sí i, ó sì tún ń bí mi nínú.

Àǹtí ti darúgbó, egungun ìbàdí wọn ti kán, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà báyìí. Mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń wẹ̀ wọ́n, mi ò fi ohunkóhun dù wọ́n. Ṣùgbọ́n mo ra àwòrán òṣèré náà, èyí tó tóbi bí ilẹ̀kùn, mo gbé e kọ́ sí ọ̀kánkán ibùsùn wọn. Àwọn kan ní kí n dárí jì wọ́n. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n tún bẹ̀ mí: "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, take it down. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Mo ní, "Àǹtí, ògiri ta ni?"