Ọjọ́ Tí A Fi Ọwọ́ Ṣe Pólímà

Ilé ìwé aládàáni kan ní Ìbàfò ni mo ti rí i pé ọmọ lè mọ nǹkan lórí, kó má sì mọ̀ ọ́n rárá. Ẹ bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí ni mónómà, gbogbo wọn á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń ṣe àmín: mólẹ́kù kékeré tó lè so mọ́ irú rẹ̀ láti di pólímà. Ẹ wá bi wọ́n pé kí ni ìyẹn túmọ̀ sí, fáànù nìkan ni ẹ ó máa gbọ́. Wọ́n ti há a sórí, ó parí síbẹ̀. Inú máa ń bí mi sí irú rẹ̀. Ìyàwó mi ní kò sóhun tí inú kì í bí mi sí, àmọ́ èyí yàtọ̀.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, kò yẹ kí n tilẹ̀ bínú sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣì ń fi iṣẹ́ olùkọ́ kẹ́mísírì níbẹ̀ dán mi wò ni. Ẹni tó ni ilé ìwé, màmá gíga kan tó kó wá láti Èkó, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Mọ́mì, ti ní òun á wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni lọ́jọ́ Ẹtì, kí òun tó pinnu bóyá kí n dúró tàbí kí n máa lọ. Irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ló lé tíṣà tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Látìgbà tí ibi iṣẹ́ mi l'Ékòó ti kógbá sílé, mo ti jókòó sílé wa ní Mówè títí tí àwọn aládùúgbò fi ń bẹ̀ mí kí n bá àwọn ṣọ́ aṣọ tí wọ́n sá.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ẹ̀gẹ́ ni mo kọ́kọ́ fi ṣàlàyé. Mo ní ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń gbìn lọ́nà Ìbógùn yẹn, ṣúgà wẹ́wẹ́ tó so kọ́ra wọn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: ẹyọ kan ni mónómà, gbogbo wọn lápapọ̀ ni pólímà. Ọmọkùnrin kan ní tó bá jẹ́ ṣúgà ni, kí ló dé tí gààrí fi ń kan. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀.

Mo ní kí wọ́n dìde, kí olúkúlùkù fi ọwọ́ rẹ̀ kan di èkejì mú. Mo ní mónómà nìyẹn, ó dá dúró, kò bá ẹnikẹ́ni ṣe. Mo wá ní kí wọ́n tú ọwọ́ wọn, kí wọ́n fi ọ̀tún di ẹnì kan mú, kí wọ́n fi òsì di ẹlòmíràn mú. Mo ní bí ọ̀rá tí wọ́n ń bu omi sí ṣe ń di ọ̀rá nìyẹn, àti pé níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ kan bá ṣì ṣófo létí, ẹlòmíràn lè so mọ́ ọn, ó sì lè gùn dé Ṣàgámù.

Àwọn ọmọbìnrin tó wọ híjáàbù ní àwọn kì í di ọkùnrin lọ́wọ́ mú. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo to ọkùnrin sọ́tọ̀, mo to obìnrin sọ́tọ̀, níbi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, mo ní kí wọ́n di rúlà mú lórí àti nídìí. Mo pe rúlà ní mónómà àlejò. Wọ́n fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo ẹ̀kọ́ náà lọ.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ yí kíláàsì ká tán ni Mọ́mì wọlé, kò tiẹ̀ tíì tó àkókò tó dá. Ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn obìnrin ti wà lórí ìkúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin ti dọ̀bálẹ̀, rúlà ti bọ́ sílẹ̀. Pólímà mi tú ká pátápátá. Èmi náà ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó.

Mọ́mì wo àwọn àga tí a tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rọra béèrè bóyá àkókò eré ni. Kí n tó dáhùn, ó ti nàka sí ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ó bi í pé kí ni mónómà. Mo ń retí àkọ́sórí wọn.

“Èmi ni, mà,” ọmọ náà ní. “Bí mo bá ká ọwọ́ mi mọ́ra, mo dá wà. Bí mo bá tú u, mo di ara wọn.”

Mọ́mì kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé orí tábìlì, ó ní kí a tún un ṣe kí òun rí i. A tún un ṣe, pẹ̀lú rúlà. Ọmọbìnrin yẹn ló wà nípẹ̀kun, ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣófo. Mo ń ṣàlàyé pé ibi tó ṣófo yẹn ni ẹ̀wọ̀n ti ń gùn sí i, ni Mọ́mì bá na ọwọ́ tirẹ̀ sí ọmọ náà.

Ọmọdé kì í bọ àgbà lọ́wọ́, àmọ́ tí àgbà bá nawọ́, ta ni yóò kọ̀ ọ́? Ọmọ náà fi ẹni tó dì mú sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ Mọ́mì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Ó wá ku òun àti Mọ́mì lọ́tọ̀, ẹ̀wọ̀n wa lọ́tọ̀. Mọ́mì ní kó fi ọwọ́ kan sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Orí lọmọ ń mì. Ó ní màmá òun á pa òun.

Mọ́mì kọjú sí mi, ó ní kí ni kẹ́mísírì ń pe èyí.

“Òpin ẹ̀wọ̀n ni, mà,” mo ní. “Ibi tí ọ̀wọ̀ bá ti wọ̀ ọ́, kì í lè gùn mọ́.”

Ẹnu mi ni mo gbọ́ tó sọ ọ́. Mo mọ̀ pé mo ti fi ẹnu ara mi lé ara mi níṣẹ́. Mọ́mì wò mí, ó wò mí, ẹ̀rín bá gbé e títí ó fi di ìbàdí mú. Nígbà tó ṣe tán, ó ní kí n wá gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìṣèwádìí kẹ́mísírì lọ́jọ́ Ajé, pé ó ti pẹ́ jù tó ti wà ní títì. Ó wá na ọwọ́ sí èmi náà.

Gbogbo kíláàsì ń wò mí. Mo mọ ohun tó yẹ kí olùkọ́ kẹ́mísírì ṣe. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á.