Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Ọkọ Mi Yadi

Ọkọ mi kò ríran. Èéyi ló gba ojú rẹ̀ kó tó mọ ìwé kà. Olùkọ́ ìtàn ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́, àdúgbò Ìṣìkàn la sì ń gbé. Kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tí ń ka gbogbo ohun tó bá hàn lójú rẹ̀ sókè: bí ọkọ mi bá tẹ lẹ́tà kan, á pe lẹ́tà náà, bó bá ṣí ìwé, á kà á fún un. Àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun ló rà á fún un nígbà tí nǹkan ṣì rọrùn. Ohùn ọkùnrin ni, ó sì ń yára sọ̀rọ̀ débi pé díẹ̀ ni èmi ń gbọ́ nínú rẹ̀.

Ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí, ìlàjì owó oṣù ni wọ́n ń san fún olùkọ́, iná kì í sì í pẹ́ kó tó lọ. Tí a bá rí ẹran rà, àwọn ọmọ la ń fi í sílẹ̀ fún. Síbẹ̀, ọkọ mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun tẹ ìbéèrè ìdánwò. Ó ní ẹni tó kọ́ ọmọ ló yẹ kó bi í léèrè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, bí ìdánwò ṣe ń kanlẹ̀kùn, ó tan kọ̀ǹpútà, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó pa á, ó tún un tàn. Kò sọ̀rọ̀. Mo rò pé inú á bí i, àmọ́ ńṣe ló ní kí n wá bá òun ṣí orin kan tó wà nínú rẹ̀. Orin náà dún ketekete.

"Ó dáa," ó ní. "Ọ̀fun rẹ̀ kò bà jẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni kò sí nílé. Kí ló wà lójú rẹ̀?"

"Dádì, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gbọọrọ síbẹ̀."

"Bá mi kà á. Má fo ìkankan."

Bí mo ṣe ń kà á la rí i pé kọ̀ǹpútà náà ti tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tí a sùn, ohun tí wọ́n ń pè ní àpudéètì. Ó ti di tuntun, ó sì ní ètò àtijọ́ tó ń kàwé yẹn kò bá òun mu mọ́.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ọjà. Ó fara balẹ̀ wò ó, ó wá kọjú sí mi.

"Mọ́mì, ẹ bá mi sọ fún Dádì pé ètò yẹn ti gbó. Ẹ jẹ́ kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ẹ ra òmíràn."

"Mò ń gbọ́ ọ, ọmọ mi," ni ọkọ mi dáhùn. "Má tíì pa nǹkan kan rẹ́."

Owó òmíràn náà kò sí lápò wa. Nígbà tí a délé, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Oǹdó, obìnrin tí òun náà kò ríran, tí wọ́n jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú. Òun ló ń dáhùn tẹlifóònù ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀.

"Tíṣà, ṣé ẹnikẹ́ni ò tíì pa á rẹ́?" ó bèèrè.

"Rárá o."

"Ó dára. Ọ̀nà wà tó lè fi padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọ̀nà náà kì í pẹ́ dí. Ṣé iná wà lọ́dọ̀ yín?"

"Iná wo? Bátìrì rẹ̀ pàápàá ti darúgbó."

"Gbé e wá lọ́la. Ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń tan jẹnẹrétọ̀ fún ìdánrawò akọrin. Bí iná bá lọ lójú iṣẹ́, ó lè bà jẹ́ pátápátá."

Lọ́jọ́ kejì a wọ ọkọ̀. Láti Àkúrẹ́ títí a fi kọjá Bọ́lọ́rundúró, ọwọ́ ọkọ mi wà lórí ìdérí kọ̀ǹpútà náà, ìka rẹ̀ ń rìn lórí rẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe. Ó ní òun ń rántí ibi tí gbogbo bọ́tìnnì wà ni.

Akọrin ti ń kọrin nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì mú wa jókòó nítòsí ibi tí wáyà iná wà. Ó fi ìka ọkọ mi lé bọ́tìnnì mẹ́ta, ó ní kó tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ohùn kan jáde, ó le, bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà ló ti fi ohùn kékeré yẹn pa mọ́ síbẹ̀. Kò tó bá a ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó tó mú un dé ibi tó ń lọ. Wọn kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́. Àwọn méjèèjì ń tẹ̀, wọ́n ń tẹ́tí, wọ́n ń ṣàṣìṣe, wọ́n ń padà, títí ọkọ mi fi rí ibi tó ti lè ní kó padà sẹ́yìn. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti jẹ́ ìyàwó rẹ̀, n kò mọ̀ pé ó lè rìn báyẹn nínú ilé tí kò mọ̀ rí.

Kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà, díẹ̀díẹ̀. Kò tíì dé ìdajì tí ìdánrawò fi parí. Bàbá tó ń mójú tó jẹnẹrétọ̀ dìde láti lọ pa á. Epo wọ́n nígbà yẹn. Ìwọ̀n tí akọrin máa lò nìkan ni ìjọ fi sílẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá akọrin, mo ṣàlàyé fún un.

"Ṣé òun ni Tíṣà náà fi ń kàwé?" ó bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó padà síwájú àwọn akọrin. "Ẹ ṣí orin yẹn padà. Ohùn àwọn ọkùnrin kò tíì dáa."

Ohùn wọn dáa. Gbogbo wa mọ̀. Wọ́n tún un kọ, ó ní àwọn obìnrin ló kù. Wọ́n tún un kọ, ó ní wọ́n yára jù. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi lọ dúró láàárín wọn, òun náà ń kọrin. Nígbà tó yá, bàbá oníjẹnẹrétọ̀ jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbe ohùn ìsàlẹ̀.

N kò gbọ́ ìgbà tó dé. Ọkọ mi ló gbọ́ ọ lábẹ́ orin. Ó na ọwọ́ sókè, gbogbo wọn sì dákẹ́.

"Ó ti dé," ó ní. "Ó ń ka orúkọ àwọn ìwé mi."

Èmi ni mo sunkún. Ọ̀gá akọrin ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀. Ohùn yín ti dáa wàyí."

Ọkọ mi tẹ ìbéèrè rẹ̀ tán kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sì jẹ́ kó sinmi. Ó ní ètò àtijọ́ náà yóò kú lọ́jọ́ kan. Ó kọ́ ọ ní òmíràn tí a kì í rà, lórí fóònù, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ti àtijọ́ dákẹ́ tán pátápátá, ọkọ mi kò pè mí. Ilé ìdáná ni mo wà tí mo fi gbọ́ ohùn obìnrin kan ní pálọ̀. Mo sáré jáde láti wá kí àlejò. Ọkọ mi nìkan ni mo bá níbẹ̀, ó ń tẹ ẹ̀kọ́ ọ̀la, obìnrin náà sì ń pe lẹ́tà fún un.