Máàpù Tí Àlejò Fẹ́ràn Jù

Kíká ni máàpù máa ń dé bá wa ní láìbìrì yunifásítì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Ìdílé sọ́féyọ̀ kan tó ti di olóògbé kó tirẹ̀ wá nínú ẹní ìkírun, wọ́n ní kí Ọlọ́run fi ṣe àlùbáríkà fún bàbá àwọn. A ṣe àmín. Lẹ́yìn náà la tẹ́ àwọn máàpù náà sórí tábìlì, a kó ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n dì pọ̀ lé wọn lórí, a sì ń dúró kí wọ́n gbà láti sùn. Ìdúró ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí.

Alhaja tó jẹ́ ọ̀gá mi, ọmọ Ìlọrin àtijọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ gba máàpù gbọ́. "Wọn ò ya ilé bàbá wa sí i," ló máa ń wí. Òótọ́ ni, wọn ò yà á. Wọn ò ya Basin, àdúgbò tí mo háyà yàrá sí, náà. Odò kékeré kan ni wọ́n yà síbẹ̀, pẹ̀lú ipa ọ̀nà oko. Lójú tèmi, ìdí tó fi yẹ ká tọ́jú wọn nìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò bá a jiyàn. Ó ṣe tán, òun náà ló jà títí wọ́n fi ra kọ́bọ́ọ̀dù onírin fún wa, èyí tí àpótí fífà rẹ̀ fẹ̀ débi tí máàpù fi lè sùn gbọọrọ nínú rẹ̀.

Ohun gbogbo ń lọ bó ṣe yẹ, àfi ìgbà tí àwọn alábẹ̀wò láti Àbújá fẹ́ wá yẹ ẹ̀ka jọ́gíráfì wò, bóyá ó ṣì tó láti máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní yunifásítì wa mọ àṣà tó wà níbẹ̀. Tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀, ẹ̀ka tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò á yá àga lọ́wọ́ ọ̀kan, á yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ òmíràn. Yíyá ni wọ́n ń pè é. Bí Alhaja bá ń lọ sí mọ́sálásí, ó máa ń rí àwọn àga wa láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì ẹlòmíràn.

Olórí ẹ̀ka náà wá bá wa fúnra rẹ̀. Prọ́fẹ́sọ̀ ni, òun ló kọ́ èmi gan-an.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní máàpù yín. Ọjọ́ díẹ̀ ni."

"Ṣé irú ọjọ́ díẹ̀ ti àwọn àga?"

"Àga yẹn ò sí lọ́dọ̀ wa o."

"Mo mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó wà. Máàpù ò ní jáde."

Èmi ni mo dá a lábàá pé kí máàpù jókòó, kí àlejò wá bá a. A lẹ bébà kan mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn: "Yàrá Máàpù, Ẹ̀ka Jọ́gíráfì." Mo yẹ gbólóhùn náà wò dáadáa. Yàrá ni, máàpù wà nínú rẹ̀, ẹ̀ka náà sì wà. Mi ò rí ibi tí irọ́ ti wọ̀ ọ́.

Àwọn àlejò dé, wọ́n fa àpótí, kálukú ń wá ìlú rẹ̀. Inú wọn dùn. Ohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé inú wọn lè dùn jù. Nígbà tí èsì wọn dé, wọ́n yin ẹ̀ka náà, wọ́n wá gbà á nímọ̀ràn pé kó kó máàpù rẹ̀ kúrò ní láìbìrì lọ sí ilé ẹ̀ka, kó lè súnmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ọwọ́ méjèèjì ni Prọ́fẹ́sọ̀ fi gbé èsì náà fún Alhaja. Alhaja kà á tán, ó yíjú sí mi.

"Àbá ẹ rèé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ní kí Prọ́fẹ́sọ̀ máa kó máàpù lọ, ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù ò ní tẹ̀ lé e, ti láìbìrì ni.

"Kí la fẹ́ fi kọ́bọ́ọ̀dù ṣe?" ni Prọ́fẹ́sọ̀ wí. "A ó ká wọn." Ó kọjú sí mi. "Ìwọ, ọmọ wa ni ọ́. Ṣàlàyé fún Alhaja pé kíká ò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

Tí mo bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, máàpù ti lọ nìyẹn, gbogbo èyí tí a ti tẹ́ á sì padà ká. N kò sì fẹ́ tako olùkọ́ mi lójú ọ̀gá mi. Mo ro ọ̀rọ̀ náà pẹ́ débi tí Alhaja fi wúkọ́.

"Wọ́n á là, sà. Ibi tí máàpù bá ti là, èèyàn ò lè wọn bí ọ̀nà ṣe jìn tó níbẹ̀ mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Nígbà tí a wà ní ọdún kejì."

"Mo kọ́ ẹ jù."

"Wàláhì, ẹ kọ́ ọ dáadáa," ni Alhaja wí.

"Kí ni kí n wá sọ fún àwọn ará Àbújá?"

"Ṣebí wọ́n ní kí máàpù súnmọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kó akẹ́kọ̀ọ́ wá."

Prọ́fẹ́sọ̀ rò ó. Ó ní bákan náà ni ọ̀nà náà jìn, láti ìhà yòówù kí èèyàn ti gbà á. Ó gbà.

Ní kíláàsì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní yàrá wa, ó nawọ́ sí tábìlì, ó ní, "Ẹ wo máàpù wa."

"Máàpù láìbìrì," ni Alhaja wí láti ẹnu ọ̀nà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó níwájú kọ méjèèjì sílẹ̀.