Iyọ̀ Inú Omi Iyùn

Ìró omi yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí mo bá jí, kí ọ̀kadà àkọ́kọ́ tó kọjá ní títì Ìgbògbò. Ó ń ṣàn, ó ń dà padà sínú ara rẹ̀, bí ẹni tó ń fọwọ́ ní ẹ̀yìnkùlé tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni mò ń wí. Ọmọ mi ọkùnrin ti wà nínú ilẹ̀ nígbà náà, àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ti kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó fi sábẹ́ tánkì gíláàsì rẹ̀ nínú pálọ̀ kò mọ̀ pé ẹni tó ni òun ti lọ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni iná aláwọ̀ búlúù orí tánkì náà máa ń tàn fúnra rẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣètò rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ti tàn, màá dìde jókòó dáadáa, màá tún ìborùn mi ṣe, bí ìgbà tí àlejò wọlé.

Ohun tó wà nínú tánkì yẹn kì í ṣe ẹja. Ẹja ni èmi mọ̀. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, mo yan ẹja títí èéfín fi pọ́n mi lójú, mi ò sì rí ìdí tí ènìyàn á fi tọ́jú ohun inú omi tí wọn ò ní sè. Ọmọ mi ní iyùn abẹ̀mí ni wọ́n, pé ìbátan iyùn tí àwọn ọba ń so mọ́rùn ni, kàkà kí tiwọn le bí òkúta, ó rọ̀ bí ara ènìyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté lọ sí Èkó, kó lọ máa tọ́jú irú tánkì bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọlọ́lá. Ọ̀kan nínú wọn tó ń kó lọ sí ìlú òyìnbó ló fún un ní méjì. Èkíní dà bí olú ńlá tó hù lára òkúta, orí rẹ̀ kún fún irun wẹ́ẹ́wẹ́. Èkejì ló máa ń bà mí lẹ́rù. Ọwọ́ kéékèèké ni gbogbo ara rẹ̀, ó ń pa wọ́n dé, ó ń ṣí wọn, bí ọmọ jòjòló tó ń pe ìyá rẹ̀. Ọmọ mi á ní, "Màmá, ẹ juwọ́ sí i padà, ó ń kí yín." Èmi á ní, "Ohun tí kò lójú ń juwọ́ sí mi, kí èmi náà wá juwọ́? Orí mi ò tíì dàrú."

Ìgbà tó kú ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹlòmíì ni mo ti máa ń pa òwe yẹn fún. Nǹkan méjì yẹn ni ohun ẹlẹ́mìí tí ọwọ́ ọmọ mi kàn gbẹ̀yìn, mo sì pinnu pé wọn ò ní kú lójú mi. Ìyàwó rẹ̀, tó máa ń lọ síbi iṣẹ́ ní Imota láàárọ̀, kò fẹ́ rí wọn. Ó ní bí òun bá wọlé tí òun gbọ́ omi yẹn, ńṣe ló ń ṣe òun bíi pé ọkọ òun wà ní báluwẹ̀. Ó fi sùúrù bá mi sọ ọ́: "Màmá, ẹ má bínú. Tó bá fi máa di àdúrà ogójì ọjọ́ tí wọ́n bá ti kú, ẹ jẹ́ ká gbé gíláàsì yẹn jáde." Mo ní kò burú. Mo ní bí wọ́n bá kú ni o.

Omi tánkì náà máa ń fà nítorí ooru, bí ìwọ̀n ìka kan lójúmọ́. Ọmọ mi ti to kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn ilẹ̀kùn: omi lásán wà nínú àwọn funfun, omi tó ti po iyọ̀ mọ́ wà nínú àwọn búlúù. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo ní ohun inú òkun ni wọ́n, ta ló ń fún ọmọ òkun ní omi kànga mu? Láràárọ̀ ni mò ń ṣe bísímílà, tí mò ń bu omi iyọ̀ kún un títí dé ojú àmì tí ọmọ mi fà sára gíláàsì, tí inú mi sì ń dùn pé arúgbó tí kò mọ̀wé mọ iṣẹ́ òyìnbó.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí olú yẹn fi pa irun rẹ̀ mọ́ra. Ó súnkì, ó di bí etí arúgbó. Àwọn ọwọ́ kéékèèké náà dì bí ẹ̀ṣẹ́, wọn ò ṣí mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi láti Ẹ̀pẹ́, ó wo gíláàsì náà títí, ó mi orí. Ó ní, "Àbúrò mi, ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ṣé o ò rántí ajá bàbá wa ni? Ohun tó bá mọ ẹni tó ni ín kì í jẹun lẹ́yìn rẹ̀." Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn tù mí nínú. Ilé á ti dá láti àárọ̀, kálukú á ti bá tirẹ̀ lọ, èmi wá rí ẹni tí yóò bá mi ṣọ̀fọ̀. Mo gbé àga mi sún mọ́ wọn. Mo ń ki oríkì ọmọ mi fún wọn. Nígbà tí awọ fẹ́lẹ́ kan bo olú yẹn lórí, bí awọ tó máa ń bo ẹ̀kọ mímu tó ti tutù, mo ní aṣọ ọ̀fọ̀ ló wọ̀. Mo sì ń bu omi iyọ̀ kún un.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Èmi ò ríran. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá àwọn ọwọ́ yẹn tí wọ́n ń yọ́, tí wọ́n ń já bọ́ bí ọṣẹ tó rin gbingbin, òórùn sì gba pálọ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi pe ọ̀rẹ́ ọmọ mi tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó.

"Ìyá, ṣé iná ń tàn?"

"Ó ń tàn."

"Ẹ̀rọ ń yí omi?"

"Ṣebí òun ni kì í jẹ́ kí n sinmi."

"Ṣé ẹ ò da nǹkan sí i? Àgbo, omi àdúrà?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mo jọ ẹni tí yóò fún òkúta lágbo ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá. Bí omi bá fà, kí lẹ fi ń dí i?"

Mo ní omi inú kẹ́ẹ̀gì búlúù ni. Ó wá rọra ní, "Ìyá, omi nìkan ló ń fà, iyọ̀ kì í fà. Bí ọbẹ̀ bá gbẹ lórí iná, omi lẹ máa ń bù sí i ni, àbí iyọ̀?"

Mo ti ìka bọ omi náà, mo fi kan ahọ́n, bí a ṣe ń tọ́ omi iyọ̀ wò ní Ẹ̀pẹ́ kí a tó rẹ ẹja sínú rẹ̀. Ó le ju ti òkun lọ. Ó ta mí lẹ́nu títí dé ọ̀nà ọ̀fun.

Ohun tí mi ò fẹ́ rántí ló wọlé tọ̀ mí wá. Nígbà tí kíndìnrín ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dáṣẹ́ sílẹ̀, dókítà ní kó má fẹnu kan iyọ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń se ọbẹ̀ tó tẹ́, ọmọ mi ń rù. Èmi tí wọ́n fi iyọ̀ gbàdúrà fún ọmọ mi lójú mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, pé ayé rẹ̀ yóò dùn, mo wo abọ́ yẹn, mo ní ta ni oúnjẹ tó tẹ́ wò sàn rí? Bí ìyàwó bá ti yí ẹ̀yìn, màá fi ìka mẹ́ta bu iyọ̀ sí i, màá rò ó pọ̀. Ọmọ mi á jẹ ẹ́, á wò mí, á ní, "Ó dùn, Màmá." Ọmọ tó jẹ́ pé wíwọn iyọ̀ inú omi ni iṣẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ pé ahọ́n rẹ̀ mọ̀ bí ẹyọ ṣíbí kan bá lé. Ó mọ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti wá, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí n má kánjú, pé ohun tó gùn díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ̀. Láràárọ̀ ni mò ń bu abọ́ kan dànù nínú omi tánkì, tí mò ń fi abọ́ omi lásán kan rọ́pò rẹ̀, tí mo sì ń tọ́ ọ wò. Mo fi ṣíbí kó àwọn ọwọ́ tó ti kú jáde, mo sin wọ́n sídìí ìbẹ́pẹ, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi. Ọ̀rẹ́ náà ní awọ orí olú yẹn kì í ṣe ikú, pé ńṣe ló ń bọ́ra. Mo yí ẹnu ẹ̀rọ sí i, omi sì ń ṣí awọ náà kúrò. Lọ́jọ́ àdúrà ogójì, bí àwọn àfáà ṣe ń jókòó lójúde, irun kan, méjì, yọ lórí rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo orí rẹ̀ ti tú. Ìyàwó ọmọ mi dúró níwájú rẹ̀ pẹ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì náà. Kò tún sọ̀rọ̀ pé ká gbé e jáde.

Ó wà níbẹ̀ dòní, ó ti tóbi ju orí mi lọ. Inú mi ò dùn tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Nígbà tó tú, mo mọ̀ pé kò ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni rí. Ara ló ń ni ín, ọwọ́ tó ń ni ín lára náà ló sì ń gbé àga sún mọ́ ọn tó ń sunkún. Dókítà ní kíndìnrín yẹn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe kí a tó mọ̀. Bóyá iyọ̀ mi ò fi kún un, bóyá ó fi kún un, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ìyàwó ọmọ mi ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, ó sì máa ń sọ fáwọn èèyàn pé ìyá ọkọ òun tọ́jú ọkọ òun dójú ikú.

Ọmọ obìnrin tí ọmọ mi bí fún un ló ń bá mi kọ èyí. Nígbà tí a dé ibi ọbẹ̀, ó gbé gègé sílẹ̀, ó ní, "Màmá àgbà, ṣé kí n fo ibẹ̀ yẹn?" Mo ní kó kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti Imota nírọ̀lẹ́, ó sì mọ̀wé kà.