Sípíkà tó tú àṣírí ọkọ mi

Mo fi ọmọ odó fọ́ sípíkà tẹlifíṣọ̀n wa lónìí!

Ọkọ mi ló so ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù rẹ̀, tó máa ń rán an létí nǹkan, mọ́ sípíkà yẹn láàárọ̀. Ó ń yangàn kiri pálọ̀.

Èmi ń gún pupuru tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe lẹ́yìnkùlé. Ohùn obìnrin kan bú jáde nínú sípíkà, àdúgbò gbọ́:

"Ìrántí. Gbé oògùn ibà ọmọ ẹ lọ sí Ìlútítun."

Ọmọ wo? Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí fún un ń ṣeré lẹ́sẹ̀ mi, ara rẹ̀ le koko!

Mo wọ pálọ̀ tòun tọmọ odó. Gbàù! Sípíkà fọ́ yángá.

Ọkọ mi ní, "Irọ́ ni ẹ̀rọ yẹn ń pa!"

"Ta ló wá kọ́ ẹ̀rọ náà lórúkọ Ìlútítun?"

Mo na ọmọ odó sókè sí orí òun gan-an. Ìyá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa fò mọ́ mi lọ́wọ́:

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, má pa á! Jẹ́ kó gbé oògùn yẹn lọ, ọmọ náà ò sùn lánàá."

Mo yíjú sí i. "Màmá, ta ló sọ fún yín pé kò sùn?"

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó ń wá ọ̀nà ilẹ̀kùn.

Ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ tètè dá mi lóhùn: ta ló kàn?